Ta Ló Pe Ìjì Tó Ká Òrùlé Abọ́dúnrìn?

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni láfún Mẹ̀dínátù fi wà lórí àpáta ní Ìmáṣàyí tí kò gbẹ. Oòrùn kọ̀, kò yọ. Nígbà tó kírun Alásárì tán, ó tẹ́wọ́ sókè, ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo agboolé fi gbọ́: "Ọlọ́run, fún mi ní atẹ́gùn!"

Atẹ́gùn dé. Ó kó láfún, ó kó adìyẹ, ó ká òrùlé Abọ́dúnrìn, ọlọ́kadà tí ilé wọn jọ kángun síra, ó gbé e fo ọgbà, ó sì fi í tẹ àtíbàbà Mẹ̀dínátù, ibi tó ti ń jẹun, pẹrẹsẹ.

"Páànù rẹ ló wó o, wá bá mi tún un kọ́," ni Mẹ̀dínátù wí.

Abọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín. "Ìyá Roheemat, ta ló pe atẹ́gùn? Ẹ̀yin lẹ máa bá mi kan òrùlé padà!"

Ni wọ́n bá dé kóòtù ìbílẹ̀.

"Màmá," ni adájọ́ wí, "ṣé ẹ bẹ Ọlọ́run fún atẹ́gùn lóòótọ́?"

Ìdí Mẹ̀dínátù ò gbélẹ̀ mọ́. Bó bá ní òun bẹ̀ ẹ́, òrùlé di tirẹ̀. Bó bá ní àdúrà òun kọ́ ló mú un wá, ta wá ni òun ti ń bá sọ̀rọ̀ lórí ẹní ìkírun láti ọjọ́ yìí?

"Mo bẹ̀ ẹ́, Olúwa mi. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn láfún ni mo tọrọ, n ò ní kó gbé ilé!"

Kóòtù hó yèè. Akọ̀wé fi fáìlì bojú.

Abọ́dúnrìn fi ìyangàn gbé páànù kan wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Adájọ́ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ihò ìṣó dà?"

"Ẹ̀n... n ò fẹ́ lu ú ni, sà. Ilé tí mò ń kọ́ ní Jóga ni mo fẹ́ kó wọn lọ. Búlọ́ọ̀kù ni mo gbé lé e."

"Atẹ́gùn ti bá ọ kó ẹrù náà dé ìdajì ọ̀nà nìyẹn! Ọlọ́run ló ni atẹ́gùn, ìwọ lo ni ìṣó. Lọ kọ́ àtíbàbà màmá."

Mẹ̀dínátù rẹ́rìn-ín délé. Àmọ́ nǹkan kan há a láyà: bó bá jẹ́ ìṣó ló fà á, ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ gbọ́ tòun? Láfún tuntun ti wà lórí àpáta, ojú ọjọ́ sì tún ṣú. Ó tẹ́wọ́.

Lókè àtíbàbà, òòlù Abọ́dúnrìn dákẹ́ lójijì.

"Ìyá Roheemat, ẹ jọ̀ọ́! Ó ku ìṣó mẹ́rin!"

Ẹ̀rín pa Mẹ̀dínátù lórí ẹní. Ó dúró, ó ka ìró òòlù títí ìṣó mẹ́rin fi wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Díẹ̀ ni o, Ọlọ́run. Díẹ̀ báyìí."