Orin Tí Wọ́n Dáná Sun

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé mi ní ìlú wa, Ajara, nígbà tí ariwo kan bẹ́ jáde látinú fóònù Tóyìn, ọmọ-ọmọ mi obìnrin. Gìtá ń han bí ayùn tó bá ìṣó pàdé nínú pákó, ìlù ń rọ́ gbì-gbì-gbì, ọkùnrin òyìnbó kan sì ń lọgun bí ẹni tí epo gbígbóná ta sí lára. Ni ìyá rẹ̀ bá yọ láti ilé ìdáná.

“Tóyìn! Pa orin èṣù yẹn kí n tó fọ́ fóònù náà mọ́lẹ̀!”

Mo mọ orin náà. Inú bí mi, ẹ̀yin ọmọ, àfi bíi pé àná ni. Mo ní, “Ẹni tó bá pa á, èmi àti ẹ̀ ni lónìí.”

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ ló pààlà ilé wa àti ilé Màùtín, ọ̀rẹ́ mi ọkùnrin. Ègùn ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ sí wa, a ó fi Yorùbá dá a lóhùn, bí inú bá sì bí i, yóò po méjèèjì pọ̀ mọ́ra débi pé ẹ̀rín ni yóò pa ẹni tó ń bá wí. Bàbá rẹ̀, Zòsú, jẹ́ apẹja. Lọ́dún kan, nígbà òjò, òkun dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé. Nígbà tó yá, òkun gbé òkú rẹ̀ wá sí etíkun.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í gbé ẹni tó bá kú sómi wọlé. Etí omi níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, wọn ò sì jẹ́ kí ọmọdé kankan débẹ̀. Wọ́n wá sọ fún Màùtín pé kò gbọdọ̀ sunkún, pé òun lọkùnrin tó kù nílé. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n! Ẹ gbà mí o.

Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Kútọ̀nù ló mú kásẹ́ẹ̀tì orin náà wá. Abẹ́ àtíbàbà tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja la ti ń gbọ́ ọ, èéfín ń ta wá lójú. Èmi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé inú ń run ọkùnrin yìí ni?” Màùtín ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tú ọ̀rọ̀ orin náà tí wọ́n tẹ̀ sínú páálí kásẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi yé e. Nínú orin náà, ọmọ awakọ̀ òkun kan ló dúró sétí omi, ó ń pe òkun lólè, ó ń bi í pé ibo ló gbé bàbá òun sí.

“Ó ń bú òkun,” ni Màùtín wí fún mi. “Ó ń bú u ní gbangba. Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọgun ní ìrọ̀lẹ́, omijé á máa dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ìyá rẹ̀ á fi ẹja sílẹ̀, á dúró síta títí yóò fi parí.

Ni ẹlẹ́nu kan bá gbé ẹjọ́ lọ bá Bàbá Ìjọ, olórí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe Màùtín síwájú. Wọ́n rí àwòrán agbárí òkú lára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó parí!

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí orin náà ń wí,” ni Màùtín bẹ̀ wọ́n.

“Ṣé èṣù ló fẹ́ wá wàásù fún mi?” ni Bàbá Ìjọ dá a lóhùn, ìjọ sì bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n dáná sun kásẹ́ẹ̀tì náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọrin ìyìn bó ṣe ń yọ́. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí “Ọlọ́run ń bẹ” lédè Ègùn ni wọ́n ń pè lọ́mọ èṣù! Màùtín ò sunkún lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi bá àbúrò bàbá rẹ̀ lọ sí Kútọ̀nù, mo sì gbọ́ pé ó ti darúgbó síbẹ̀, pé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìjọ yẹn kan náà ti ra gìtá báyìí o, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn. Etíkun tí wọ́n sin Zòsú sí ti wọ inú omi lọ. Níbi tó kù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn jayéjayé ń dún látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó pe tiwọn ní tèṣù. Ohun gbogbo ló yí padà, ṣùgbọ́n òkun ò tíì ṣíwọ́ jíjí bàbá ọlọ́bàbá gbé, àwọn àgbà ò sì tíì ṣíwọ́ pípa ọmọdé lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn méjèèjì tán, Tóyìn fi fóònù hàn mí. Lábẹ́ orin náà, àwọn èèyàn láti ìlú tí mi ò gbọ́ rí ń kọ orúkọ ẹni tí omi gbé lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní, “Màámá, ṣé kí n kọ nǹkan?”

Mo ní, “Kọ ọ́ pé: Zòsú, apẹja, ará Ajara. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ sunkún rẹ̀, wọn ò jẹ́.”

Ìyá Tóyìn ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

“Màámi,” ló wí, “ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ ọmọ náà sí i.”