Odì Orí Ọ̀sà

Bí òórùn ẹja yíyan bá kàn mí nímú, Ẹ̀pẹ́ ìgbà èwe mi ni mo máa ń rántí, àti odì tó gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo lọ lẹ́yìn náà, olùkọ́ wa ní kí n túmọ̀ odì. Mo fi ìkánjú kọ "ìbínú." Ó yìn mí, inú mi sì dùn bí ẹni tó gbọ́n.

Ogun ló lé ìdílé wa kúrò ní Èkó. Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, bàbá mi dẹ ìgèrè sí ojú omi tí apẹja kan, ọmọ onílùú, jogún lọ́wọ́ àwọn baba rẹ̀. Apẹja náà kó gbogbo rẹ̀ jù sórí iyanrìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yan ara wọn lódì. Wọ́n ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí kan náà, èjìká kan èjìká, wọn kì í kí ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá di dandan, ewúrẹ́ tó ń kọjá ni apẹja náà yóò bá sọ ọ́: "Ewúrẹ́, sọ fún àtọ̀húnrìnwá yìí kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò níwájú tèmi."

"Ewúrẹ́," bàbá mi á ní, "bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló da omi síbẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, kùrukùru bo èmi àti bàbá mi lórí ọ̀sà. A kò rí èbúté, omi sì ti ń wọ inú ọkọ̀ wa. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣìnà á ké, ẹni tó bá gbọ́ á dáhùn, ìbáà ṣe ọ̀tá rẹ̀. Bàbá mi mọ ẹni tó máa ń pẹja nítòsí ibẹ̀. Ó panu mọ́. Èmi ni mo ké pé ọkọ̀ wa ń jò.

Ohùn apẹja náà dáhùn: "Ìwọ ọkọ̀ jíjò! Yà sọ́tùn-ún. Bí ẹni tó ni ọ́ kú, kò kàn mí. Igi ni mo ṣàánú fún."

Bàbá mi wo àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Àjẹ̀, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ kùrukùru."

Nígbà tí a gúnlẹ̀, èmi tí mo rò pé ìjà ti parí sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún apẹja náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó. Bàbá mi pòṣé: "Ta lò ń kí? Ṣé o rí ènìyàn níbẹ̀ ni?"

Àwọn àgbà ní bí a ń jà, bí i ká kú kọ́. Nígbà tí apẹja náà kú, bàbá mi kò lọ síbi ìsìnkú. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, ó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ wa, ó ní, "Ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kùrukùru ti lọ o." Kò dẹ ìgèrè sí ojú omi apẹja náà mọ́ títí òun náà fi kú.

Mo ti darúgbó. Bí wọ́n bá tún bi mí lónìí, n ó pa "ìbínú" rẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí n ó kọ rọ́pò rẹ̀.