Ipa Pákó Kumeji Lórí Ẹrẹ̀

Pà. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ohùn tí Kumeji kọ́kọ́ mọ̀ láyé nìyẹn, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀: òjé ìwọ̀ bàbá rẹ̀ tó ń bọ́ sórí ẹrẹ̀ lókèèrè, nígbà tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n dúró lórí odi etí òkun. Òjé á ró pà, ẹja mutsugoro kan á sì fò sókè, á máa jà lójú òfuurufú. Ó sọ fún mi pé òun kò rántí ojú bàbá òun dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí òun kì í gbọ́ ohùn náà.

Ní etí òkun Ariake lọ́dọ̀ wa, bí omi bá ti fà, ẹrẹ̀ ló kù, ẹrẹ̀ tó lè gbé àgbàlagbà mì dé àyà. Pákó la fi ń rìn lórí rẹ̀. A ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ sórí pákó, a ó di garawa iwájú mú, a ó máa fi ẹsẹ̀ kejì ti ẹrẹ̀ sẹ́yìn. Orúnkún ọ̀tún ni gbogbo ènìyàn fi ń kúnlẹ̀. Kumeji nìkan ló ń fi tòsì kúnlẹ̀, nítorí pé ó fi ọ̀tún ṣèṣe ní kékeré. Nítorí náà, ipa pákó rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni.

Bó bá dé àárín ẹrẹ̀, ojú kan ni yóò dúró sí. Yóò ju ìwọ̀ tí kò ní ìjẹ síwájú ẹja tó ń fi àyà wọ́ kiri, tó jìnnà sí i tó ilé mẹ́ta, yóò sì fà á wìì kí ẹja tó mọ̀. Ọdún mẹ́wàá lèèyàn fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá lè kọ́ ọ á dẹ ìgèrè: á ki ọ̀pá oparun sí ẹnu ihò ẹja, á lọ sílé rẹ̀, ẹja tó bá jáde á há sínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹja kan náà ni.

Ṣùgbọ́n Kumeji kò jẹ́ kí àwọn tó ń dẹ ìgèrè sinmi. Hatsuo, aládùúgbò rẹ̀, ló máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ jù. Bó bá rí i tó ń gbé ìgèrè kọjá, á bi í bóyá ó ti kan ilẹ̀kùn, bóyá wọ́n ní kó wọlé. Ó ní ọdẹ ni Hatsuo lóòótọ́, ọdẹ ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó bá jáde. Ogójì ọdún ló fi sọ ọ́. Hatsuo a máa rẹ́rìn-ín, a sì fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń wá ìgèrè tó máa gba ẹnu yín."

Nígbà tí Kumeji pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Òjé ń ró pà, kò sí ẹja. Pà, kò sí ẹja. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ ẹyọ méjì péré ló gbé lọ fún Mitsue, opó tó ń yan ẹja lẹ́bàá ojú irin. Mitsue sì ti máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé ẹja ìwọ̀ Kumeji ni wọ́n ń jẹ.

Kumeji gé oparun. Ó lọ dẹ ìgèrè sẹ́yìn koríko gíga, lẹ́bàá ẹnu odò, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í lọ. Kò ri igi àmì mọ́lẹ̀ bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́ fún mi. Bó bá kó àwọn ẹja náà tán, á jókòó sórí pákó, á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ìwọ̀ gún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú ọgbẹ́ lè wà lára wọn. Góńgó orí ni ojú mutsugoro wà. Ó ní wọ́n máa ń wo òun.

Oṣù kan gbáko ló fi ṣe é. Ní gbogbo ìgbà náà, omi ń kún, ó ń pa ipa rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni omi òkun wa máa ń ṣe ọ̀lẹ, tí kì í dé ẹrẹ̀ òkè. Ọmọ ọdún méje lọ́dọ̀ wa mọ ọjọ́ rẹ̀. Kumeji náà mọ̀ ọ́n, kì í sì í lọ sẹ́yìn koríko bí omi bá ti ń ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ ojú ló máa ń fi wo ibi tí omi dé, ojú náà sì ti ṣe bàìbàì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró omi, ó gbà pé ó ti dé.

Ní òwúrọ̀, èèyàn márùn-ún ló bá lórí odi. Kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n kọjú sí. Ipa pákó kan lọ tààrà láti ìsàlẹ̀ odi dé ẹ̀yìn koríko, ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀, ó ń dúró ní ihò kan, ó ń dúró ní ihò kejì, títí dé ọgbọ̀n ihò. Ẹni tó ń ju ìwọ̀ kì í lọ kí ihò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mitsue wà níbẹ̀, ó wá gba ẹja. Ó súnmọ́ ọn, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni ìwọ̀ yín ń gún. Ìwọ̀ tí èèyàn jù kì í yan ẹ̀gbẹ́."

Kumeji ń retí ohun tí Hatsuo, tó wà láàárín wọn, máa sọ. Ogójì ọdún ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀kùn àti ilé ìwẹ̀ fẹ́ dé sórí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun. Hatsuo yọ fìlà, ó họ orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn ò dáa. Omi odò ń tutù jù níbẹ̀, ẹja ò ní yára jáde. Ẹ wá sí ọ̀dọ̀ tèmi, ihò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ri igi mọ́lẹ̀ o, kí pákó ẹlòmíì má lọ gun ìgèrè yín."

Kumeji sọ fún mi pé ì bá sàn kí Hatsuo tutọ́ sí òun lójú.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ìgèrè ṣì wà nínú ihò, àwọn ẹja sì há sínú wọn. Ó gbé pákó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún òsì, ó tọ ipa àná lọ lójú gbogbo wọn. Kò fi ìwọ̀ kan ẹja kankan. Nígbà tó padà dé, ó gbé garawa fún Mitsue, ó ní ẹja ìgèrè ni. Mitsue dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti Hatsuo.

Ní gbogbo oṣù kan yẹn, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fọ àwọn ìgèrè, lẹ́yìn tó bá ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ yẹn, ó gbé garawa omi wá sí iwájú ilé, lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ lè rí i. Ó kọ́kọ́ fọ pákó, ó fi ti ògiri. Ó wá mú àwọn ìgèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lè fi ojú rí inú wọn, nítorí náà ó ń ki ìka bọ̀ ọ́, ó ń wá ẹrẹ̀ tó kù, ó ń da omi sí i, ó tún ń ki ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tí ìka rẹ̀ kò bá ẹrẹ̀ kankan mọ́ nínú èyí tó kẹ́yìn, ó gbọn omi rẹ̀ dànù, ó tò ó ti àwọn yòókù.