Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Òkèlè Kékeré

Bí mo bá rí ẹni tó ń bu òkèlè kékeré, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń rántí. Tísà ni ní Arámọkọ. Òkèlè iyán rẹ̀ kì í ju orí àtàǹpàkò lọ. Á ní, "Òkèlè ńlá ní í há ni lọ́fun."

Ó ra ọkọ̀ àlòkù kan, ó fi kábúrétọ̀ ńlá sí i, ìyẹn ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń mu epo. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, eré ló ń sá. Ṣùgbọ́n bó bá ní kó rọra gun òkè Ẹ̀fọ̀n, agbára rẹ̀ á tán, gbogbo wa á sì bọ́ sílẹ̀ tì í.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lóyún, ó wí nídìí iyán pé, "Tísà, n ò ní í ti ọkọ̀ yìí mọ́."

Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ òkèlè ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ kábúrétọ̀ ńlá, ó fi kékeré rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni.

Nígbà tí a tún ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ọkọ̀ náà rọra gun òkè, kò sáré, kò dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, tó lóun ò ní í tì í mọ́, ti bọ́ bàtà dání láti tì í; ó gbá bàtà náà mọ́ àyà títí a fi dé Ẹ̀fọ̀n.