Òòfà Bàbá Mi àti Yanrìn Dúdú Etíkun

Òórùn bẹntiróò ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun pẹ̀lú òórùn ẹja tí ìyá mi ń yan lẹ́yìn ilé wa ní Ajah. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí Ajah ìgbà yẹn: ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, igi àgbọn láàárín. Mọkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfúrufú ló ń kàn lágbàlá wa: ọparun, aṣọ ìgbòkun, àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá kan tó ti kú lẹ́ẹ̀mejì.

Jẹnẹrétọ̀ ara ẹ́ńjìnnì náà, tó ń fi iná sí bátìrì, wúwo bí ewúrẹ́ tó lóyún. "Ẹyẹ kì í ru ọlọ fò," ni bàbá mi máa ń wí. Ló bá tú u dànù, ó lọ yọ òòfà ara alùpùpù: irin róbótó bí àwo ọbẹ̀, òòfà yí inú rẹ̀ ká. Ó dè é mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, ó to wáyà sáàárín rẹ̀. Òòfà á máa yí, wáyà á dúró jẹ́ẹ́, àlàfo tó là wọ́n kò ju èékánná lọ. Síbẹ̀ iná á jáde! Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ yí i tí gílóòbù tàn, mo rò pé bàbá mi ló dá oòrùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tó fẹ́ fò, ó tú òòfà náà sílẹ̀ kó lè yẹ wáyà rẹ̀ wò. Mo jí i gbé lọ sétíkun. Ẹ mọ yanrìn dúdú tó wà láàárín yanrìn funfun wa. Bí òòfà bá sún mọ́ ọn, á dìde bí irun. Mo gbé e ságbọ̀n, mo di baba onírùngbọ̀n. Nígbà tó yá, mo fi ṣòkòtò mi nù ún, mo dá a padà. Bàbá mi dè é láìwo inú rẹ̀.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé etíkun láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, apẹja, pariwo pé: "Ọ̀gá, bí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ bá mi kí ìyàwó mi àkọ́kọ́. Ẹ má sọ ibi tí mò ń gbé fún un o!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì dún. Mo gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń rún gààrí gbígbẹ. Yanrìn mi ló ń ha wáyà. Bí wáyà bá já, iná á kú. Bí iná bá kú, tí ẹ́ńjìnnì náà sì kú lójú òkun, bàbá mi á di oúnjẹ ẹja.

Mo di ìyẹ́ ọkọ̀ mú. "Bàbá, ẹ má fò! Mo gbé òòfà yín lọ ṣeré. Yanrìn wà nínú rẹ̀."

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Mo ti ń dúró de ìfọ́tí. Ó tú òòfà, ó fi aṣọ nù ún, yanrìn kàn ń sá yípo inú rẹ̀ ni. Ló bá ní kí ìyá mi gbé ẹ̀bà àná wá. Ó ń fi òkèlè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, yanrìn sì ń bá ẹ̀bà jáde. Ó na òkèlè dúdú kan sí mi. "Tìẹ rèé. Ṣé kí n bu ọbẹ̀ sí i?"

Ó pààrọ̀ wáyà tí yanrìn ti ha, ó tún gbéra. Ọkọ̀ sáré, ó ta pọ́ún, ilẹ̀ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Òjìji rẹ̀ gba orí mi kọjá. Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi gbà pé ó fò dé Bàdágìrì, ó ra àgbọn bọ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo lè sọ òótọ́ fún: kò ga ju igi àgbọn méjì lọ, ó sì bọ̀ láàyè. Ìwé mẹ́rin tí mo kà kò tó ka irọ́ tí mo ti pa láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí bàlúù bá ń kọjá lórí Lẹ́kí, mo máa ń gbójú sókè, kí n máa bi ara mi bóyá arúgbó tí mo dà yìí ṣì lè di ìyẹ́ náà mú lójú gbogbo èèyàn, kó sì la ẹnu jẹ́wọ́ òótọ́.