Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Gba Abẹ́rẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkòtún, ínsúlínì ni wọ́n máa ń gún fún mi kí n tó fi oúnjẹ àárọ̀ tàbí ti alẹ́ kan ẹnu, nítorí àtọ̀gbẹ tó ń bá mi jà. Màmá mi, tó ń ránṣọ níwájú ilé, ló ń gún un sí mi nítan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó ń mu gààrí oníṣúgà nígbà náà, ẹ kú ìgbádùn o! Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni tèmi. Bí mo bá jí pọ́fù-pọ́fù jẹ, kò sẹ́ni tó máa fẹjọ́ mi sùn. Ẹ̀jẹ̀ mi fúnra rẹ̀ ni í tú àṣírí, màmá mi á sì ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè.

Ìgbà tí mo ń bàlágà ni ọ̀rọ̀ náà le. Bí a ṣe ń fi kún ínsúlínì tó, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi ò gbọ́. Ìyá àgbà, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló mú mi lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ tí dókítà fi hóró oògùn kún un. Dókítà ní kí n máa lo méjèèjì pọ̀, pé hóró náà yóò jẹ́ kí ara mi gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu. Àmọ́ bí Ìyá àgbà ṣe gbọ́ "hóró oògùn," etí rẹ̀ ò gba ìyókù mọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti kúrò lórí abẹ́rẹ́ bọ́ sórí hóró, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn.

"Alihamudulilahi! Ó ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́!" Ariwo tó fi wọlé nìyẹn. Màmá mi bú sẹ́kún ayọ̀, ó kó ínsúlínì àti abẹ́rẹ́ pa mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé mọ́ín-mọ́ín àti hóró kan síwájú mi. Mo ní mi ò jẹ, àfi tí wọ́n bá gún mi. Ínsúlínì ti tán nílé rí, mo dákú, wọ́n sì gbé mi dìgbàdìgbà lọ sọ́sípítù.

"Àbí abẹ́rẹ́ ń dùn mọ́ ẹ ni, ọmọ yìí?" Ìyá àgbà ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè, mo ní, "Màámi, dókítà ní hóró àti abẹ́rẹ́ jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n kú."

Màmá mi dìde, ó gbé abẹ́rẹ́ náà fún mi. Èmi fúnra mi ni mo gún ara mi lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn! Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá dókítà, ohun tí mo sọ náà ló gbọ́. Ijó ni Ìyá àgbà jó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, àfìgbà tí màmá mi ṣàlàyé fún un.

Hóró yẹn kọ́kọ́ dà mí nínú rú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilé ìyàgbẹ́ di yàrá. Nígbà tó yá, inú mi rọ̀, ṣúgà náà sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Lónìí, àwọn ọmọ kan ń lẹ ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà fún wọn mọ́ apá, dókítà sì ń wo ara oníkálukú kó tó mọ̀ bóyá ó nílò àfikún oògùn. Inú mi ń dùn sí wọn gan-an. Nígbà yẹn, "ìyá aláìsàn" ni wọ́n ń pe màmá mi ládùúgbò. Nísinsìnyí, mo ti bímọ méjì, ìyá àgbà ni wọ́n ń pè é.