Ọwọ́ Fífúyẹ́ Lára Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi

"Ẹ yéé fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ tó wú. Ẹ̀ ń dá kún ìṣòro ọmọ yín ni." Nọ́ọ̀sì kan ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá ní Dassa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú tì mí, nítorí èmi náà ti ṣe é rí, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira.

Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òkúta gé e lẹ́sẹ̀ lórí òkè. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kò yéé wú. Bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́, kò lè rìn dé ilé ìwé. Mo ń fi òwú wọn ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò di jàbùtẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló máa ń wẹ àwọn abiyamọ àdúgbò wa. Lójú tirẹ̀, bí ẹni tí à ń tẹ̀ kò bá ké, ọwọ́ kò tíì ṣiṣẹ́. Ó fi omi gbígbóná àti òrí tẹ ẹsẹ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo di ọmọ mú. Ní ọjọ́ kẹrin, òwú mi kò yí ẹsẹ̀ náà ká mọ́.

Mo pọ̀n ọ́n lọ bá obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: kò sí ibà, kò sí ọyún. Ó ní omi kan wà lábẹ́ awọ tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ líle a sì máa bà á jẹ́. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fọwọ́ ra á, kí òkè lè ṣófo de omi ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan itan, orúnkún, àti àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń fọwọ́ ra á lọ sókè ní gbogbo ìgbà. Ó kọ́ mi títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n.

Nílé, bí mo ṣe ń ra á, ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé ẹsẹ̀ lò ń tọ́jú, àbí ológbò lò ń fọwọ́ pa lára?"

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá."

"Ọmọ tiẹ̀ ti ń sùn lọ."

"Ìyá àgbà, mi ò sùn," ọmọ náà dáhùn. "Ti màmá ni kò dunni."

Ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, ogún nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, orí òwú náà méjèèjì tún pàdé yí ẹsẹ̀ ká. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bàtà wọ̀ ọ́, ó sì padà sí ilé ìwé. Wíwú náà kò tán pátápátá. Bí ọmọ náà bá dúró pẹ́, ẹsẹ̀ náà a tún wú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ń kápá rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní, "Fi ibi tí o ti ń bẹ̀rẹ̀ hàn mí." Láti ọjọ́ náà ló ti gba ti ìrọ̀lẹ́ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ ju tèmi lọ. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun àti ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà títí dòní.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín: bí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá gbóná tàbí tí ibà bá wà, ẹ má ra á rárá. Bí wọ́n bá sì gbà yín láyè láti ra á, ẹ ní kí wọ́n fi bí a ṣe ń ṣe é hàn yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.